Fódà Irinwó, Àṣẹ Ẹyọ Kan: Bí A Ṣe Ń Dá Dúkìá Inú Kọ̀ǹpútà Padà Fún Ẹni Tó Ni Ín

Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní kọ̀ǹpútà ńlá kan tí gbogbo ènìyàn ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní sáfà. Irinwó (400) ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lò ó, oníkálukú sì ní fódà tirẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, sáfà náà dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ra tuntun, alábòójútó kọ̀ǹpútà sì fara balẹ̀ kó gbogbo ẹrù inú ti àtijọ́ sínú tuntun. Kò sí fáìlì kan ṣoṣo tó sọnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Olùkọ́ kan ní òun rí ìwé tí òun kọ, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ohunkóhun kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní fódà òun kò tilẹ̀ ṣí. Nígbà tí alábòójútó náà wo ìṣirò ààyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti lò, ó rí i pé irinwó ènìyàn wọ̀nyí kò lo ààyè kankan mọ́, òun nìkan ni kọ̀ǹpútà di gbogbo ẹrù náà lé lórí.

Kò sí ohun tó bàjẹ́ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ènìyàn bá ṣe ẹ̀dà fáìlì síbòmíràn, ẹni tó ṣe ẹ̀dà náà, tàbí ẹgbẹ́ àwọn alábòójútó tó wà nínú rẹ̀, ni Windows máa ń kà sí ẹni tó ni ín. Bí a ṣe lè dá ìní padà fún irinwó ènìyàn láì jókòó ti máòsì fún ọjọ́ mẹ́ta, àti bí a kò ṣe ní fi ọwọ́ ara wa ba èyí tó kù jẹ́, ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń da ọ̀rọ̀ ìní pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ wo ilé kan tí ayálégbé mẹ́fà ń gbé. Gbogbo wọn ló ní kọ́kọ́rọ́, gbogbo wọn ló ń wọlé tí wọ́n ń jáde, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dìde lọ́jọ́ kan kó pààrọ̀ ágádágodo ẹnu ọ̀nà kó sì lé àwọn yòókù síta. Onílé ló ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Báyìí gan-an ló rí nínú Windows. Ìyọ̀ǹda ni kọ́kọ́rọ́, ìní ni ìwé ilé. Ẹni tí kọ̀ǹpútà bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ló ni fódà lè yí ìyọ̀ǹda orí rẹ̀ padà nígbàkígbà. Kódà, bí ó bá ṣèèṣì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta, ó lè gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ mìíràn fún ara rẹ̀.

Ètò yìí kì í ṣe tuntun. Àṣẹ tó ń jẹ́ chown, tí a fi ń yí ẹni tó ni fáìlì padà, ti wà nínú Unix láti ìgbà tí àtẹ̀jáde rẹ̀ kìíní ti jáde ní Bell Labs, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1971. Ní ti Windows, ọdún 1993 ni, nígbà tí Windows NT dé pẹ̀lú ètò ìpamọ́ tó ń jẹ́ NTFS, ni fáìlì kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹni tó ni ín. FAT tó ṣáájú rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìní rárá. Ìdí nìyẹn tí fíláàṣì tó ń lo FAT32 fi máa ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà gbogbo láì béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí a mọ̀ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kì í ṣe orúkọ ni kọ̀ǹpútà ń kọ sára fódà, nọ́ńbà ni. Ní Windows, nọ́ńbà gígùn kan tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, S-1-5-21, ni a ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí a bá dá orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá pa orúkọ kola rẹ́ lónìí, tí a sì dá kola mìíràn sílẹ̀ lọ́la, nọ́ńbà tuntun ni kola ọ̀la yóò gbà, fódà àná kò sì ní dá a mọ̀. Òun ló fà á tí háàdì dísìkì tí a yọ lára kọ̀ǹpútà tó ti kú fi máa ń sọ fún ẹni tó ra á gan-an pé kò ní àṣẹ láti wọlé. Ní Linux, nọ́ńbà kúkúrú ni, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1000. Ewu tibẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Bí Ṣadé bá jẹ́ 1001 lórí sáfà àtijọ́, tí Kọ́lá sì wá jẹ́ 1001 lórí tuntun, tí a sì kó àwọn fáìlì wá pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, Kọ́lá ti di oní gbogbo ohun tí Ṣadé kọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó pinnu bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààyè náà kò kéré. Lórí NTFS, alábòójútó lè fi òté lé iye ààyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè lò, ẹni tó ni fáìlì ni a sì ń ka ìwọ̀n fáìlì náà sí lọ́rùn, ibi yòówù kó wà lórí dísìkì náà. Bí ìní bá ti wọ́, ìṣirò ti wọ́. Ẹni tó ń kó fíìmù jọ kò ní rí ẹni dá a dúró, ẹni tí kò sì kó ohunkóhun jọ lè máa gba ìkìlọ̀ pé ààyè rẹ̀ ti kún.

Bí a bá fẹ́ fi ọwọ́ ṣe é, a ó fi máòsì tẹ fódà, a ó lọ sí Properties, láti ibẹ̀ sí Security, láti ibẹ̀ sí Advanced, a ó yí orúkọ ẹni tó ni ín padà, a ó sì dúró kó parí. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí fódà kan, ìṣẹ́jú 1,200 ni fódà 400 yóò gbà, ìyẹn ogún wákàtí gbáko. Ẹni tó bá ṣe ohun kan náà nígbà irinwó kò lè ṣe é kó má ṣi ọwọ́ gbé. Ohun tó ń gbani lọ́wọ́ irú wàhálà yìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní lúùpù.

Ẹ rántí ẹni tó ń pín ìwé owó iná kiri àdúgbò. A kì í sọ fún un pé, lọ sí ojúlé kìíní kí o padà wá, lọ sí ojúlé kejì kí o padà wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń rán an: gbogbo ojúlé tó wà ní òpópónà yìí, fi ìwé tó jẹ́ ti ojúlé kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lúùpù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń mú fódà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó ń ṣe ohun tí a ní kó ṣe, ó sì ń kọjá sí èyí tó kàn. Ohun tó jẹ́ kí èyí rọrùn ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí ni pé orúkọ fódà kọ̀ọ̀kan bá orúkọ tí ẹni tó ni ín fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà mu. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ ṣí ojú dúdú tó ń jẹ́ Command Prompt, kí ẹ sì rí i pé ẹ ṣí i pẹ̀lú agbára alábòójútó. Ká ní inú D:\Akeko ni gbogbo fódà náà wà, tí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lórí kọ̀ǹpútà sì jẹ́ ILEEKO. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ wo ẹni tí kọ̀ǹpútà ń pè ní oní fódà kọ̀ọ̀kan báyìí:

dir D:\Akeko /q

Bí ẹ bá ti rí i, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì kan tí kò sí nínú Akeko, kí ó lè jẹ́ ẹ̀rí bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀:

dir D:\Akeko /q /s /a > E:\tele.txt

Lẹ́yìn èyí ni lúùpù kàn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jẹ́ kó ṣe ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó ka ohun tó fẹ́ ṣe sí yín létí. Ọ̀rọ̀ echo ló ń ṣe iṣẹ́ yìí:

for /d %i in (D:\Akeko\*) do @echo icacls "%i" /setowner "ILEEKO\%~nxi" /T /C

Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀. For /d túmọ̀ sí pé fódà nìkan ni kó mú, kó má mú fáìlì. Àmì ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn Akeko ń sọ pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. %i ni ibi tó ń fi fódà tó wà lọ́wọ́ sí, pẹ̀lú ọ̀nà tó dé ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. %~nxi ni orúkọ fódà náà nìkan, láìsí ọ̀nà. Icacls ni àṣẹ tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, /setowner sì ni ibi tí a ti ń dárúkọ ẹni tí a fẹ́ fi ṣe oní. /T ń sọ pé kó wọ inú fódà náà lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kó má fi fáìlì kankan sílẹ̀. /C ń sọ pé bí ó bá kọsẹ̀ lórí ọ̀kan, kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, irinwó ìlà ni yóò jáde, kò sì ní fọwọ́ kan fódà kankan. Ẹ kà wọ́n. Ẹ má ka mẹ́ta kí ẹ sọ pé ó dára. Ẹ ka ti òkè, ẹ ka ti àárín, ẹ ka ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wá àwọn orúkọ tó ní àlàfo tàbí àmì kankan nínú. Nígbà tí ọkàn yín bá balẹ̀ tán, ẹ yọ @echo kúrò, kí ẹ sì ní kó kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀:

for /d %i in (D:\Akeko\*) do icacls "%i" /setowner "ILEEKO\%~nxi" /T /C >> E:\iroyin.txt 2>&1

Ìwé ilé ti padà sọ́wọ́ onílé báyìí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ lè má tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Olùkọ́ tí kò lè fi ohunkóhun kún ìwé rẹ̀ láàárọ̀ kò ní fẹ́ máa gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀. Lúùpù kejì ni yóò pín kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo wọn:

for /d %i in (D:\Akeko\*) do icacls "%i" /grant "ILEEKO\%~nxi:(OI)(CI)M"

M yẹn ni pé kí ó lè kà á, kí ó lè kọ ọ́, kí ó sì lè pa á rẹ́. (OI) àti (CI) ń sọ pé kí ìyọ̀ǹda náà ràn mọ́ àwọn fáìlì àti fódà tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ irú àṣẹ wọ̀nyí sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .bat, kí ẹ lè máa lò ó nígbà mìíràn, ẹ má gbàgbé pé méjì ni àmì ìdá-nínú-ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ níbẹ̀: %%i, kì í ṣe %i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ohun kékeré yìí ti dá dúró.

Nígbà mìíràn, ilẹ̀kùn a ti pa mọ́ alábòójútó pàápàá. Takeown ni àṣẹ tí a fi ń ṣí irú rẹ̀:

takeown /F D:\Akeko\kola /R /A /D Y

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Takeown kò lè fún ẹlòmíràn ní ìní. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni yóò fún, tàbí ẹgbẹ́ àwọn alábòójútó bí a bá fi /A kún un. Ohun tó tún burú jù ni pé, níbi tí kò bá ti lè ka inú fódà kan, Y tí ẹ fi dáhùn yẹn ń fún un láṣẹ láti da ìyọ̀ǹda àtijọ́ nù kó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, níbi tí ilẹ̀kùn ti kọ̀ gan-an ni kí ẹ ti lò ó, kí ẹ má fi ṣe àṣẹ ojoojúmọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ tó fi icacls dá ìní àti kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tó ni wọ́n.

Àwọn tó ń lo Linux ní tiwọn, èrò kan náà sì ni:

for d in /home/*/; do u=$(basename "$d"); echo chown -R "$u": "$d"; done

Níbí náà, echo ló ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ láìṣe iṣẹ́. Bí ẹ bá yọ ọ́, alábòójútó àgbà tó ń jẹ́ root nìkan ni chown yóò gbọ́ tirẹ̀. Lórí Linux, ẹni tó ni fáìlì pàápàá kò lè fún ẹlòmíràn, nítorí pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ènìyàn ìbá máa di ẹrù rẹ̀ lé aládùúgbò rẹ̀ lórí nígbà tí ààyè tirẹ̀ bá kún. Bí ẹ bá rí fódà tó ń jẹ́ lost+found nínú /home, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà ló ni ín, ẹ fi sílẹ̀.

Wàyí o, ewu ibẹ̀. Òwe Yorùbá sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ òwe yìí rí. Bí a bá rán an níṣẹ́ ẹrú, bí a ṣe rán an gẹ́lẹ́ ni yóò jẹ́ ẹ, nígbà irinwó, kí a tó mí èémí méjì.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní ẹni méjì wà nílé-ẹ̀kọ́ náà, ọ̀kan ń jẹ́ kola, èkejì ń jẹ́ kola.ade. Bí ẹnì kan bá kọ %~ni dípò %~nxi, kọ̀ǹpútà yóò rò pé irú fáìlì ni .ade tó wà lẹ́yìn àmì ìdánudúró, yóò sì gé e dànù. Orúkọ tó kù ni kola. Báyìí ni kola yóò ṣe di oní gbogbo ìwé kola.ade. Bí kola bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí kola.ade sì jẹ́ olùkọ́ tó kó ìbéèrè ìdánwò sínú fódà rẹ̀ ńkọ́? Kọ̀ǹpútà kò ní kéde àṣìṣe kankan, nítorí pé kola wà lóòótọ́. Lẹ́tà x kan ṣoṣo ló dúró láàárín ìdánwò tó mọ́ àti èyí tó ti tú síta.

Orúkọ tó ní àlàfo nínú náà léwu. Bí a kò bá fi àmì àyọlò ká %i mọ́, fódà tó ń jẹ́ Ise Ile yóò di ohun méjì lójú kọ̀ǹpútà, Ise lọ́tọ̀, Ile lọ́tọ̀. Àwọn fódà tí a fi pamọ́ ń kọ́, for /d kì í rí wọn. Bí ẹ bá fura pé irú wọn wà, ẹ fi dir /ad wo gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ parí.

Èyí tó burú jù lọ ni kí lúùpù wọ inú àgbàlá tí kò kàn án. Lórí Linux, ẹni tó bá darí chown -R sí /usr kò ní í ṣe ìyípadà orúkọ nìkan. Bí chown bá ti kọjá lórí fáìlì, ó tún ń mú àmì pàtàkì kan kúrò, èyí tó ń jẹ́ kí sudo lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára root. Sudo yóò kọ iṣẹ́ láti ìgbà náà lọ, òun sì ni ìwọ̀n àṣẹ tí onítọ̀hún ìbá fi tún nǹkan ṣe. Lórí Windows, láti ìgbà Vista, TrustedInstaller ló ni ọ̀pọ̀ fáìlì inú C:\Windows, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì bà wọ́n jẹ́. Ẹni tó bá fi takeown gbà wọ́n ti wó ògiri tí wọ́n mọ láti dáàbò bo òun fúnra rẹ̀.

Ṣé a lè yí i padà bí ó bá ti ṣẹlẹ̀? Kò sí bọ́tìnì tó ń dá ìní padà sí bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́kàn lé icacls /save, wọn kò sì mọ̀ pé ìyọ̀ǹda nìkan ló ń kọ sílẹ̀, kì í kọ ẹni tó ni fódà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ kọ́kọ́ fi dir /q kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará Linux rí tiwọn ṣe: getfacl -R ń kọ ìyọ̀ǹda àti ìní pọ̀ sínú fáìlì kan, setfacl --restore sì lè dá méjèèjì padà bí root bá ló tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ ṣí E:\iroyin.txt. Icacls máa ń kọ iye fáìlì tó yọrí àti iye tó kùnà sílẹ̀ lẹ́yìn fódà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí iye tó kùnà kò bá ti jẹ́ òdo, ẹ padà sí fódà náà. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀ pé "No mapping between account names and security IDs was done", ohun tó ń sọ ni pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ fódà yẹn. Ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde lọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣi orúkọ kọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ kan pé kí wọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wọn, kí wọ́n ṣí ìwé kan, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí wọ́n sì fi pamọ́. Bí èyí bá ṣeé ṣe fún wọn, iṣẹ́ ti parí.

Ogún wákàtí ti di ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ lo díẹ̀ nínú àkókò tó ṣẹ́ kù yẹn láti ka ohun tí echo kọ. Bí a ó bá rán ìránṣẹ́ tí kò ní làákàyè sí irinwó ojúlé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ní kó tún iṣẹ́ tí a rán an sọ fún wa kó tó jáde nílé.